Sísá fún Òtútù Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko baba ẹni tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn arúgbó Kánádà àti ti apá àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń ti ilé wọn pa nígbà òtútù, tí wọ́n á kó sínú ọkọ̀ onílé, tí wọ́n á sì dorí kọ gúúsù. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Àwọn mìíràn ní ìyà ni, pé ta ni yóò ní ilé tirẹ̀ tí yóò wá máa sùn nínú mọ́tò bí ọmọ ìta? Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń ṣe ìlara wọn. N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ fún mi láyè láti sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní òtútù. Ọyẹ́ ilé wa a máa la ètè, a máa mú kí ẹsẹ̀ funfun bí ẹfun, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ tán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo lo ìgbà òtútù méjì ní Winnipeg, olú-ìlú Manitoba ní Kánádà. Nínú oṣù kìn-ín-ní, kì í ṣe ohun ìyanu níbẹ̀ kí òtútù lọ sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ odo. Odò Red tí ó la ìlú náà kọjá á dì gbagidi, tọmọdé tàgbà á máa rìn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá. Bí ọ̀dọ́ bá ṣubú, á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀. Bí ẹni àádọ́rin ọdún bá ṣubú, egungun ìbàdí lè kán. Yìnyín tí ó dí ẹnu ọ̀nà kò sì ní í kó ara rẹ̀ kúrò. Onílé ni yóò fi ṣọ́bìrì kó o. Bí ẹni tí ó ti ṣe èyí fún ogójì ọdún bá wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, èwo ni ti ọ̀lẹ níbẹ̀?

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó ń sá fún ohun tí yóò pa á. Àwọn Fúlàní darandaran kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ní òkè Ọya. Wọ́n á da màlúù wọn wá sí gúúsù níbi tí koríko tútù wà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù a máa fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Ebbaken-Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn á máa sùn sínú eèsún ibẹ̀ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Abájọ tí wọ́n fi ń pe àwọn arúgbó yìí ní ẹyẹ yìnyín.

Ọkọ̀ wọn kì í sì í ṣe èyí tí à ń fi ojú kékeré wò. Ibùsùn, sítóòfù gáàsì, fìríìjì, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Àgbá mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀: ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi tí a fi wẹ̀ tí a fi fọ abọ́, ẹ̀kẹta fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Ẹni tí kò bá tètè lọ da ti ẹ̀kẹta nù sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, imú rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Bàbá kan ní àdúgbò tí mo gbé, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ṣàlàyé fún mi pé òun kì í bu omi sínú ọkọ̀ títí òun yóò fi kúrò níbi tí omi ti ń dì, nítorí omi tí ó bá dì nínú páìpù yóò bẹ́ ẹ ni. Kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó gbéra, wọ́n á ti omi ilé pa, wọ́n á sì fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́ kí ó máa bá wọn yẹ ilé wò.

Ọ̀pọ̀ ará Ontario àti Quebec ni ó ń lọ sí Florida. Àwọn ará Manitoba a máa lọ sí àfonífojì Rio Grande ní Texas tàbí aṣálẹ̀ Arizona. Ní Arizona yìí ni ìlú kékeré kan wà tí ń jẹ́ Quartzsite. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 3,000, ṣùgbọ́n bí oṣù kìn-ín-ní bá ti dé, ọkọ̀ onílé á bo aṣálẹ̀ náà bí eṣú. Láti ọdún 1983 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lágbègbè ibẹ̀, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 180 dọ́là péré ni wọ́n ń gbà fún gbogbo oṣù méje náà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Níbo ni àwọn ọmọ wọn wà? Ṣebí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n òkété ti ọ̀hún ní ọmú mìíràn: owó ìfẹ̀yìntì tí ń wọlé lóṣooṣù láìjẹ́ pé arúgbó lọ tò sínú oòrùn kí wọ́n tó gbà pé ó ṣì wà láàyè. Owó yìí ni ó ń ra epo sínú ọkọ̀.

Òfin náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ Kánádà kì í gba físà kí ó tó lọ ṣe àlejò ní Amẹ́ríkà, ó sì sábà máa ń rí oṣù mẹ́fà gbà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tí yóò bá lò tó 30 ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé orúkọ ìjọba. Ilé pàápàá ń ṣọ́ wọn: ní Ontario, ẹni tí ó bá lo ju ọjọ́ 212 lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù méjìlá lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìtọ́jú ìlera ìjọba. Àwọn tí ẹ ń pè ní alárìnkiri yìí, ọjọ́ ni wọ́n ń kà bí ẹlẹ́wọ̀n!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìlara, ẹ rọra. Nínú aṣálẹ̀ kan náà ni àwọn kan wà tí kì í ṣe òtútù ni wọ́n ń sá fún, bí kò ṣe owó ilé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní ọdún 2008, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pàdánù ilé àti owó tí wọ́n fi pamọ́. Jessica Bruder kọ ìtàn irú wọn sínú ìwé rẹ̀, Nomadland, ní ọdún 2017, níbi tí ìyá àgbà ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ti ń sáré kiri nínú ilé ìkẹ́rùsí kí ó tó rí owó epo. Ọkọ̀ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà. Ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ ilé lápò, èkejì kò ní. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìgbádùn àti ìyà kò ju ìyẹn lọ.

Kí ni ó wá kàn wá nínú rẹ̀? Ó kàn wá gidigidi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tí ó ti dé Kánádà ni ó ń ránṣẹ́ pe ìyá wọn kí ó wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Láti ọdún 2022, super visa ti lè jẹ́ kí òbí lo ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá tí ń tajà lọ́jà Ọjẹ́, tí kì í pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ, tí kò sí òde ìnáwó tí kò mọ̀, á wá di ẹni tí ń wo yìnyín lójú fèrèsé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé wíwò nìkan ni oòrùn ibí yìí wà fún ni?” N kò mọ èsì tí mo lè fún Màmá.

Àbá mi nìyí. Bí arúgbó Manitoba tí a bí sínú yìnyín bá lè sá fún un, kí ni ó dé tí a fi ń há ìyá tiwa mọ́nú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí Màmá dé nígbà tí yìnyín bá yọ́, kí wọ́n bá yín gbé ọmọ jó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì dá wọn padà sí Ìbàdàn kí òtútù tó wọlé. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfuurufú wọ́n, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń pe ìyá nítorí pé owó ilé ìtọ́jú ọmọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, owó tí a sì fi gba ìlera wọn là kò ṣòfò. Ilé ni gúúsù tiwa. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé.

Àwa tí a kò tíì lọ, tí a ó di òṣìṣẹ́ lọ́la, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nísinsìnyí bí owó ìfẹ̀yìntì wa yóò ṣe rí. Ojú ọ̀nà gúúsù dára fún ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yàn án. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ogbó lé wa kúrò nílé.