Fàdákà Ló Kọ́ Kutná Hora, Kì í Ṣe Egungun

Ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀ láàárín àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ pé egungun òkú ni gbogbo ohun tó wà ní Kutná Hora, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Prague, wọ́n á wo ilé ìsìn Sedlec tí wọ́n fi egungun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á sì ṣẹ́rí padà. Ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń fi ọlá du àwọn awakùsà tó ni ín.

Ẹ wo ọjọ́ orí ọ̀ṣọ́ egungun náà àti ti ìwakùsà fàdákà ìlú náà. Ọdún 1870 ni František Rint, agbẹ́gilére tí ìdílé Schwarzenberg gbéṣẹ́ fún, fi egungun ṣe fìtílà ńlá tó so rọ̀ láti àjà àti àmì ìdílé náà. Nígbà yẹn, ó ti lé ní 500 ọdún tí fàdákà ti sọ ibẹ̀ di ìlú olówó. Ní 1300 ni Ọba Václav Kejì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó fàdákà tí wọ́n ń pè ní groschen Prague níbẹ̀, owó tí wọ́n ná káàkiri àárín gbùngbùn Yúróòpù, ó sì ṣe òfin tó là á sílẹ̀ bí iṣẹ́ ìwakùsà yóò ṣe máa lọ. Kòtò ìwakùsà kan níbẹ̀, Osel, jìn tó nǹkan bí 500 mítà, agbára apá ènìyàn ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Owó inú ilẹ̀ yìí ni àwọn ará ìlú fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Bárbárà Mímọ́, alábòójútó àwọn awakùsà, ní 1388. Àwòrán àwọn tó ń rọ owó ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Nígbà tí UNESCO sì ka ìlú náà mọ́ ogún àgbáyé ní 1995, àárín ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì Bárbárà àti kàtídírà Sedlec ni wọ́n dárúkọ. Wọn kò dárúkọ ilé egungun.

Ẹnìkan lè sọ pé egungun náà ti pẹ́ ju iṣẹ́ Rint lọ. Bẹ́ẹ̀ ni: àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn 1348 pa àti àwọn tó kú nínú ogun ẹ̀sìn àwọn Hussite wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di ohun ìwòran, kò sì yẹ ká mọ òkú ìlú kan ká má mọ iṣẹ́ tí ìlú náà ṣe. Ẹlòmíràn á ní bí kò bá sí egungun, ta ni ìbá wá? Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ilé. Mùsíọ́mù Hrádek nínú ìlú náà máa ń fún àlejò ní aṣọ funfun àti fìtílà, wọ́n á sì mú un wọnú ihò ìwakùsà àtijọ́. Ẹni tó bá lọ sí Kutná Hora láìdé ibẹ̀ kò tíì rí Kutná Hora.