Ẹ Jẹ́ Kí Sáńpépà Sinmi

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń gun ọ̀kadà àtàwọn tó ń tún un ṣe, láti Mushin títí dé Kútọnú: bí kúróòmù bá ti dógùn-ún, àfi kí a fi sáńpépà ha á. Èyí tó bá lágídí, kí a da ásíìdì sí i. Irọ́ ni. Sáńpépà kì í wo kúróòmù sàn, òun gan-an ló ń pa á. Ìpáàrà tí ẹ rò pé ẹ lé lọ, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Kúróòmù kì í dógùn-ún. Irin nìkan ló ń bí ìpáàrà pupa yẹn, kò sì sí irin nínú kúróòmù. Ohun tó ń dán lára rímù, mọ́gáàdì àti sàlẹ́ńsà, ìpele mẹ́ta ni: irin wà nísàlẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì bo irin, kúróòmù sì bo níkẹ́ẹ̀lì. Níkẹ́ẹ̀lì sábà máa ń nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 10 sí 30, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Kúróòmù orí rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì máíkírọ́ọ̀nù lọ. Bí ẹ bá to irú rẹ̀ 200 lé ara wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nípọn tó ewé kan nínú ìwé ọmọ iléèwé ni. Ohun tí ẹ ń fi sáńpépà gbo nìyẹn o.

Ibo wá ni ìpáàrà ti ń wá? Kúróòmù ní àwọn ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Omi òjò, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń gba ibẹ̀ wọlé títí wọ́n á fi kan irin. Ìdí nìyí tí ọ̀kadà Badagry fi ń tètè dógùn-ún ju ti Ìbàdàn lọ. Níbi tí omi bá ti so irin pọ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, àwọn méjèèjì á di bátìrì kékeré, irin ni yóò sì máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìpáàrà rẹ̀ á gba ihò yẹn jáde, á tàn sórí kúróòmù. Ẹ gbé rímù sínú oòrùn, kí ẹ wò ó fínnífínní. Kì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀ ló pọ́n. Àmì tó-tò-tó ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú tó yí i ká. Ẹ fi èékánná kàn án, ẹ ó mọ̀ pé ó wú díẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò tí àbàwọ́n yọ lára àjà, ta ni yóò gun òkè lọ fi àáké gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i?

Wọ́n á ní nǹkan líle là á fi kojú nǹkan líle. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọn líle náà. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tó ń ti 1 lọ dé 10, kúróòmù wà ní nǹkan bí 8.5. Aluminium oxide tàbí silicon carbide tó wà lójú sáńpépà, 9 ni tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ohun tó le ju kúróòmù lọ lẹ fi ń ha kúróòmù.

“Ṣùgbọ́n ó ń dán!” Ó ń dán lóòótọ́, ó sì ń jọ oníbàárà lójú. Níkẹ́ẹ̀lì ló ń dán yẹn, tàbí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níhòòhò. Kúróòmù máa ń fẹ́ jọ búlúù díẹ̀; níkẹ́ẹ̀lì máa ń fẹ́ jọ yẹ́lò. Níbi tí àwọ̀ bá ti yí sí yẹ́lò lẹ́yìn tí ọmọṣẹ́ ha á tán, kúróòmù ti lọ, kò sì sí páálíìṣì tó lè dá a padà. Tó bá kan irin, òjò kan ti tó.

Ti ásíìdì tún burú ju èyí lọ. Hydrochloric acid, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọ-ṣáláńgá, ni àwọn tó ń fi kúróòmù bo irin ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ kúróòmù àtijọ́ kúrò. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin wá ń dà á sórí èyí tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ sì ń fa èéfín rẹ̀ símú. Kànìnkànìn irin kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù: ó ń fi fọ́nrán irin sílẹ̀ nínú àwọn ihò yẹn, fọ́nrán náà yóò sì dógùn-ún fúnra rẹ̀.

Kí wá ni kí a lò? Fóìlì ni, èyí tí wọ́n fi ń wé ẹja yíyan. Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Aluminium ni fóìlì, líle rẹ̀ kò tó 3, kò lágbára láti ha kúróòmù. Ìpáàrà tó tàn sókè kì í sì di kúróòmù mú ṣinṣin. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ iyanrìn kúrò, torí iyanrìn tó bá kù á di sáńpépà lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ rún fóìlì, ẹ tì í bọ omi, kí ẹ máa fi í gbo ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Láìpẹ́, omi ibẹ̀ á di ẹrẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ pààrọ̀ fóìlì, ẹ tún gbo. (Àwọn kan máa ń fi Coca-Cola rọ́pò omi nítorí phosphoric acid inú rẹ̀. Kò burú, bí ẹ bá lè fọ ṣúgà rẹ̀ kúrò. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi da ohun mímu nù.) Nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, àmì dúdú bí ojú abẹ́rẹ́ á kù sílẹ̀: ihò náà gan-an nìyẹn. Ẹ má bá a jà. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ fi fásìlíìnì díẹ̀díẹ̀ pa á kí omi má baà tún rí ọ̀nà wọlé, ẹ sì máa tún un pa lóṣooṣù nígbà òjò. Kì í ṣe ọ́ìlì kọńdẹ́mù o! Eruku ọyẹ́ ni yóò kó jọ, bí rímù bá sì ti ń yí, ó lè ta dé ibi bíréèkì.

Sàlẹ́ńsà kò gba fásìlíìnì, iná á jó o. Búlúù tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kì í sì í ṣe ìpáàrà, ooru ló fà á. Ibi tí kúróòmù bá ti bó bí awọ ejò, ẹ má fi fóìlì tan ara yín: ẹ kùn ún lọ́dà tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí inú ti máa ń bí mi jù bí mo bá rí ọmọṣẹ́ tó gbé sáńpépà ni ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú. Ọ̀pá yẹn ń gba inú ọ́ìlì síìlì lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá bọ́ sí kòtò. Bí sáńpépà bá fa ìlà sí i, ìlà náà á máa gé rọ́bà síìlì, ọ́ìlì á sì máa jò. Ẹ ra síìlì tuntun, á tún jò. Mẹkáníìkì á ní síìlì tí ẹ rà kì í ṣe ojúlówó.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, bí wọ́n bá gbé e wá pẹ̀lú rímù tó ń dán yanran, ẹ má wo ojú rímù. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìdí sípóòkù níbi tó ti wọnú rímù, níbi tí ìka tó di sáńpépà mú kò ti lè wọlé. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tí ìta sì ń fẹ́ jọ yẹ́lò, ẹ yọ owó rímù méjì kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.