Irin Tí Ó Wá Láti Wàhálà

Òǹkàwé wa kan ní Lomé gbé irin tí ìpẹtà ti jẹ wá bá wa, ẹ̀yà ìbọn níbi tí ọta ń gbà wọlé. Ó ní ìbọn tí bàbá àgbà òun fi jagun fún àwọn Jámánì létí odò Chra ni, lẹ́bàá Wàhálà. (Orúkọ ìlú yìí kò béèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá.) Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1914, ibẹ̀ ni àwọn Jámánì ti dá ogun Faransé òun Gẹ̀ẹ́sì dúró, nítorí ilé ẹ̀rọ aláìlókùn Kamina tó wà nítòsí Atakpamé, láàrin àwọn ará Ifẹ̀ wa. Ẹ̀rọ náà ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn Jámánì fúnra wọn fọ́ ọ. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá.

A kò fi irin ha irin. Òróró àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni a fi nù ún títí lẹ́tà fi hàn. Mauser ọdún 1871, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá Jámánì lò ní Togo, adé máa ń wà lára irin rẹ̀, òǹkà rẹ̀ a sì tún ara rẹ̀ sọ lórí àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ọta kan ṣoṣo ni í gbà lẹ́ẹ̀kan, ihò rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 11. Lebel ti Faransé jẹ́ mílímítà 8, ọta 8 a sì tò sínú ọ̀pá tó wà lábẹ́ ẹnu ìbọn náà. Lára irin tiwa, a kò rí adé. Ohun tí a kà ni «St-Étienne».

Ojú ọ̀gbẹ́ni náà fà ro. A kò sọ pé bàbá àgbà purọ́: ìbọn a máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lójú ogun, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Faransé gan-an ni bàbá ti jà. Ṣùgbọ́n a kò lè kọ «Jámánì» sí i lára.

Ó fẹ́ dá ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣe àfihàn ogun náà sílẹ̀. A ní kí ó fi igi gbẹ́ ìbọn, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ìrìn àti aṣọ. Kí ó má walẹ̀ ní Wàhálà, nítorí ibẹ̀ ni a sin Lieutenant Thompson sí pẹ̀lú àwọn tirailleurs tí wọ́n jọ kú. Bí ó bá kan ọta tí a kò tíì yìn, kí ó má fọwọ́ kàn án. Kí ó pe gendarmerie. Kí ó sì wá àwọn tí yóò ṣe aláàárù, nítorí orí wọn ni ẹrù ogun náà wà níhà méjèèjì, àwọn aṣàfihàn a sì máa gbàgbé wọn.

Ó béèrè irú aṣọ tí aláàárù wọ̀. A ti ń wá àwòrán fún un.