Ọjọ́ Orí Kọ̀ǹpútà Kọ́ Lolè Ń Wò

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí Microsoft ti fòpin sí àtìlẹ́yìn Windows 10, ni ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu gbogbo èèyàn: kọ̀ǹpútà tí kò bá lè gba Windows 11 ti kú, ẹni tó bá ṣì ń lò ó ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn folè, kó yáa lọ ra òmíràn. Ọlọ́jà ń wí i, ẹnjiníà ń wí i, ẹni tí kò mọ Windows yàtọ̀ sí fèrèsé náà ń bá wọn wí i. Irọ́ ni. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tólè gbà wọlé lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kan tó ń jẹ́ WannaCry ya bo kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n lọ wá owó Bitcoin wá kóun tó ṣí i. Ní England, ó kéré tán 80 nínú 236 àjọ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ló dà láàmú. Wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé, wọ́n ń darí ọkọ̀ tó gbé ẹni tó wà lójú ikú gba ibòmíràn. Kíá ni gbogbo ayé nàka sí Windows XP, arúgbó tí Microsoft ti pa tì láti ọdún 2014.

Nígbà tí wọ́n wá ka àwọn ẹ̀rọ tó kó kòkòrò náà, Windows 7 ló pọ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀, àtìlẹ́yìn Windows 7 ò tíì parí nígbà náà. Ó di oṣù kìíní ọdún 2020 kó tó parí. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tí kòkòrò náà ń gbà wọlé jáde fún un. Bí oṣù méjì ló fi wà nílẹ̀, wọn ò gbé e sórí ẹ̀rọ. XP tí wọ́n ń bú yẹn ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe ló kàn ń dákú tí kòkòrò náà bá fẹ́ gùn ún, kò sì ráyè fi ran ẹlòmíràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. HP EliteBook 840 G3, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kún ìgboro wa, ìran kẹfà ṣíìpù Intel ló wà nínú rẹ̀, Windows 11 sì ń bèèrè ìran kẹjọ sókè. Kò sóhun tó ṣe bọ́tìnnì rẹ̀, kò sóhun tó ṣe ojú rẹ̀. Wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹ̀dínwó, wọ́n á ta òmíràn fún yín. Ẹ wá dúró wo bí wọ́n ṣe ń tún tuntun náà ṣe. Ẹnjiníà á ki flash bọ̀ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé á pa Defender, olùṣọ́ tó wà nínú Windows, torí pé activator tó fẹ́ fi ṣí Windows àfọwọ́rá náà, Defender ò ní jẹ́ kó wọlé. Lẹ́yìn náà, á pa update, ó ní kó má baà jẹ dátà yín. Ẹ san owó ńlá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà tí ò ní olùṣọ́ relé. Àwọn yìí kan náà ló ń fi olè dẹ́rù bà wá!

N ò sọ pé kẹ́ ẹ máa fi Windows 10 tí ò gba àtúnṣe mọ́ wọ báńkì. Ihò tí wọ́n bá rí lára Windows 11, ó lè wà lára 10 náà. Bí Microsoft bá ti dí ti 11, olè á yẹ àtúnṣe náà wò fínnífínní, á fi mọ ibi tí ti 10 ṣì lù sí. Windows ló dàgbà, ara kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ ohun tó dàgbà.

Linux Mint, ètò tó lè gba ipò Windows, ọ̀fẹ́ ni, mẹ́mórì 4GB sì tó o gbọ́ bùkátà. Ẹ gbé e sórí flash, ẹ fi flash náà tan kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo èyí ò tíì kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé. Àmì apata kékeré kan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ló máa ń sọ fún yín pé àtúnṣe ti dé. Ẹ má fojú fò ó.

Ẹni tó ń fi CorelDRAW jẹun ò lè ṣe èyí, torí wọn ò ṣe é fún Linux, mo mọ̀. Kírú wọn ṣí ojú ìwé Windows Update, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ààbò tí Microsoft ṣì ń fún àwọn oníkọ̀ǹpútà ilé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ọgbọ̀n dọ́là ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà kí Windows máa kó ètò rẹ̀ pamọ́ sínú àkáǹtì Microsoft ò ní san kọ́bọ̀.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ṣì ń lo Windows 7, tí kò sì sóhun tó lè rọ́pò rẹ̀, ẹ yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Flash kan ṣoṣo ni kó máa wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì máa kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà tó ń gba àtúnṣe yẹ flash náà wò.