Ẹ̀kọ́ Gíga fún Àwọn Nọ́ọ̀sì Wa, àti Ohun tí Ó Kan Ìlú Níbẹ̀

Ọ̀ràn tí mo gbé ka iwájú yín lónìí lè dà bí ọ̀ràn ilé-ìwòsàn nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀ràn ìlú ni, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè sọ pé kò kan òun.

Ẹni tí ó bá jókòó ní Sábó, ìbáà ṣe Sábó ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn Hausa àti àwọn àlejò mìíràn ti ń bá wa gbé láti ayé àwọn bàbá wa, kò nílò kí a sọ fún un bí ọkọ̀ ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà Òkè-Ọya. Ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ ti pa ènìyàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń gbọ́ pé ọ̀nà titun ń bọ̀, tí ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ kékeré sì ń du ọ̀nà tóóró kan náà. Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí a sì gbé ẹni tí ó fi orí gbá dé ilé-ìwòsàn, ohun tí gbogbo wa ń béèrè ni pé, Dókítà ńkọ́? Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn béèrè pé, Ta ni yóò jókòó tì í lóru?

Ní ilé-ìwòsàn ńlá, yàrá kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó wà láàrin ìyè àti ikú. Èmi yóò pè é ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí irú rẹ̀ dé ayé. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ọ̀pọ̀ ọmọdé àti àgbà kò sì lè mí fúnra wọn mọ́. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àrùn náà dé ibi mímí wọn ni ó ń kú. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Bjørn Ibsen dámọ̀ràn pé kí a la ọ̀nà sí ọ̀fun wọn, kí a sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pín iṣẹ́ náà ṣe tọ̀sán-tòru fún oṣù púpọ̀, iye àwọn tí ń kú sì wálẹ̀ gidigidi. Láti inú èyí ni a ti dá yàrá ìtọ́jú àkànṣe sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1953. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ gba àwọn wọ̀nyí là, ọwọ́ ènìyàn tí kò sùn ni.

Lónìí ẹ̀rọ amúnimí ti gba ipò àpò náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú àánú. Nọ́ọ̀sì ni yóò máa ka èémí àti lílù ọkàn, tí yóò máa fa itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ má baà dí, tí yóò gbé orí aláìsàn sókè kí ohun inú ikùn má baà ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí kí ó lè tètè mọ̀ bí kíndìnrín bá ń kọ iṣẹ́, tí yóò sì máa yí i padà kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Oògùn tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti lọ sílẹ̀ dìde ń kán díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan. Bí ó bá pọ̀ jù, ewu ni. Bí ó bá kéré jù, ewu ni. Ní Ìlú Ọba, ìlànà wọn ni pé kí nọ́ọ̀sì kan wà fún aláìsàn kan tí ó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí. Irú ìmọ̀ yìí kọjá ohun tí ènìyàn lè kó tán ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní, àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ààlà láàrin méjèèjì yóò jẹ́ kí èyí tí a lè wò bọ́ sínú èyí tí a kò lè wò.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ilé-ìwòsàn náà ni ó di ti Yunifásítì Bowen ní 2009, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ti di nọ́ọ̀sì nínú ọgbà rẹ̀. Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá náà ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ní ìlú kan náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀kọ́ gíga lè sọ nọ́ọ̀sì dà, kí ó rántí Ìyáàfin Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1946 sí 1950. Ó padà wálé. Ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀. Ní 1965 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ le. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ àkànṣe yìí ní láti fi ọkọ, ọmọ àti iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlú mìíràn. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sì tó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kò ní fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Nísinsìnyí ọ̀nà titun ti là. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Gbangba ti orílẹ̀-èdè wa ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti òkèèrè títí dé oyè àkọ́kọ́. Àwọn yunifásítì kan ní Ìlú Ọba sì ń kọ́ni ní ìtọ́jú àkànṣe títí dé oyè kejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abilékọ tí ó jáde iṣẹ́ òru ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè sùn díẹ̀, kí ó se oúnjẹ àwọn ọmọ, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí ó wà lókè òkun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí, mo sì fẹ́ kí ìlú fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ojú dídì gbà á.

Àwọn kan yóò sọ pé a kì í dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ kọ́ odò wíwẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ka ìwé mẹ́wàá nípa ẹ̀rọ amúnimí, tí kò sì fi ọwọ́ kàn án rí, ewu ni fún aláìsàn. Ìwé a máa kọ́ni ní ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan; ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ó ń kọ́ni bí a ti ń ṣe é. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìlú Ọba sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iná kì í lọ. Ta ni yóò kọ́ nọ́ọ̀sì wa ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe nígbà tí iná bá lọ mọ́ ẹ̀rọ lójú? Àpò tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ní 1952 kò tí ì di ohun àtijọ́ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àgbà nọ́ọ̀sì kan ní ilé-ìwòsàn nítòsí, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀, tí yóò sì jẹ́rìí sí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé bí a bá kọ́ wọn tán, wọn yóò lọ. Èyí ni ó dùn mí jù, nítorí kì í ṣe irọ́. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tí ó bá gba ìwé àṣẹ, kí a tó jẹ́rìí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì sì fi ẹ̀hónú hàn. N kò dá ìgbìmọ̀ lẹ́bi, n kò sì dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Àṣẹ lè dá ẹsẹ̀ ènìyàn dúró, kò lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ gbé ilé, kí ó tún ilé ṣe.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn díẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú májẹ̀mú ọdún tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ nílé. Láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gan-an, owó pọ́ùn ti kọjá agbára owó oṣù nọ́ọ̀sì. Èyí kì í ṣe àṣà titun: Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, fi ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọ Yorùbá kún ète rẹ̀. Èkejì, kí a fi iyàrá kan nínú gbọ̀ngàn ìlú sílẹ̀ fún wọn, tí ó ní iná oòrùn àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn alákòóso ilé-ìwòsàn gbé ẹni tí ó gba oyè náà ga nínú owó àti nínú ipò, kí wọ́n sì fi í sí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ yóò ti wúlò. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn yunifásítì wa fúnra wọn gbé irú ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má jẹ́ pé òkè òkun ni a ó máa wò títí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà ni ìyá àti ìyàwó aláìsàn ń jókòó, tí wọn kò mọ ìdí tí a fi ki rọ́bà bọ ẹnu ẹni wọn. Bí a kò bá fi èdè tí wọ́n gbọ́ ṣàlàyé, ìfòyà yóò mú kí wọ́n gbé e lọ. Nítorí náà kí nọ́ọ̀sì tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì gba oyè kọ́ bí a ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán, kí ó sì wá ẹni tí yóò sọ ọ́ ní Hausa fún ará Sábó. Oyè tí kò lè bá ìyá aláìsàn sọ̀rọ̀ kò tí ì pé.

Ẹ̀yin àgbà, ẹni tí ọkọ̀ yóò kọlù lọ́la kò mọ ara rẹ̀ lónìí. Ó lè jẹ́ ọmọ mi, ó lè jẹ́ ọmọ yín. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a tètè pèsè ẹni tí yóò jókòó tì í lóru.