Ẹ̀rọ Ilé Ìwòsàn àti Àwọn Ọmọ Tí Yóò Máa Tún Un Ṣe

Kò sí ọjọ́ tí ó ń dùn mọ́ àwọn ènìyàn wa bí ọjọ́ tí a bá fi ẹ̀rọ tuntun ta ilé ìwòsàn ìlú lọ́rẹ. Ọba a jókòó, àwọn ìjòyè a pé, àlùfáà a gbàdúrà, onílù a lù, a ó sì gé ọ̀já tí a fi dí ẹnu ọ̀nà. Àwa náà ti gbàdúrà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta sí ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá wọ yàrá ẹ̀yìn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa yóò bá ẹ̀rọ níbẹ̀ tí a fi aṣọ bò bí òkú: èyí tí a ń tẹ́ ọmọ tí kò pé oṣù sí, èyí tí ń ya àwòrán lílù ọkàn, àti èyí tí ń fa itọ́ kúrò lọ́nà ọ̀fun. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ tiwa nìkan. Ní 2011, Perry àti Malkin gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí iye wọn ju 112,000 lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀. Bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àìsàn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sì í ṣe àìsàn ńlá. Fíúsì ni ó jó, tàbí wáyà ni ó já sínú awọ rẹ̀, tàbí iná tí ó padà dé lójijì ni ó sun apá tí ń gba agbára láti ara ògiri. Ẹni tí ó bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹlẹ́kitírọ́níìkì dáadáa, èyíinì ni ẹ̀kọ́ bí a ti ń darí iná mànàmáná kékeré láti ṣe iṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, lè wo púpọ̀ nínú wọn sàn. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù yìí, bí kò tilẹ̀ ní dùn létí gbogbo ènìyàn: kí ìlú tó tún dá owó ẹ̀rọ mìíràn jọ, kí ó kọ́kọ́ dá owó ohun ìkọ́ṣẹ́ jọ fún àwọn ọmọ tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe.

Àwọn ọmọ náà wà. Yunifásítì Èkó àti àwọn mìíràn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí ni a ń fi kọ́ wọn? Pátákó àti ẹfun ni, níbi tí ó pọ̀ jù. Ní ibi iṣẹ́ olùkọ́ni tiwa, a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka òfin Ohm láìṣi ọ̀rọ̀ kan, pé bí ìdènà bá ti pọ̀ tó ni iná tí ń ṣàn yóò ti kéré tó bí agbára tí ń tì í kò bá yí padà; a gbé tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn lé e lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹnikẹ́ni kò fi mítà lé e lọ́wọ́ rí kí ó fi wo òkúta tọ́ọ̀ṣì, kí ó fi wo gílóòbù, kí ó sì fi wo ibi tí irin ti kan irin.

Bàbá kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa wí fún wa pé òun kò rán ọmọ òun lọ sí yunifásítì kí ó wá di oníṣẹ́ rédíò. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbòǹgbò àrùn náà. A kọ́ ọmọ wa kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dọ̀tí mọ́, lẹ́yìn náà ni a wá ń sunkún pé kò sí ẹni tí ó lè tún nǹkan ṣe. A bẹ bàbá náà kí ó gbọ́ ìtàn oníṣẹ́ àtúnṣe kan.

Ní 1949, nínú gáréèjì kan ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà, Earl Bakken àti àna rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe. Ní àkókò náà, bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọdé tí ọkàn rẹ̀ kò sì lù déédéé, ẹ̀rọ ńlá kan ni a fi ń ta ọkàn náà jí, ara ògiri ni ẹ̀rọ náà sì ti ń gba iná. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1957, iná kú ní ìlú náà, ọmọ kan sì kú. Dókítà Lillehei, tí ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, tọ Bakken lọ pé kí ó bá òun wá ọgbọ́n kan. Bakken rántí àwòrán ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ti rí nínú ìwé ìròyìn àwọn tí ń fi ẹlẹ́kitírọ́níìkì najú, ẹ̀rọ tí ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tí àwọn akọrin fi ń mọ ìwọ̀n orin. Tiransísítọ̀ méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ó tún un tò, kí ìró tí ì bá jáde sí etí lè gba inú wáyà lọ sí ọkàn. Ó fi bátìrì sí i, ó sì kó o sínú àpótí kékeré tí ọwọ́ kan lè gbé. Ọ̀sẹ̀ bí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. A dán an wò lára ajá. Nígbà tí Bakken padà dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ ni ó bá a.

Àwa tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí wa bí ẹni ń ṣeré, ta ni ó yẹ kí ìtàn yìí yé jù wá lọ? Kò sí ohun kan nínú àpótí náà tí a kì í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Ọkàn ènìyàn ń dá iná tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí iná náà bá fi máa dé awọ ara, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt lọ. Òkúta tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po 1,500. Nígbà tí Einthoven, ará Họ́lándì, kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹ̀rọ rẹ̀ wúwo tó kílò 270, aláìsàn sì ní láti ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú omi iyọ̀. A fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1924. Lónìí, ẹ̀rọ tí ó ṣe é gbé lápá ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìṣòro tí ó kù ni pé iná inú ògiri ń ta sí ara aláìsàn, agbára rẹ̀ a sì bo ti ọkàn mọ́lẹ̀. Báwo ni ẹ̀rọ ti í yà wọ́n sọ́tọ̀? Bí ènìyàn méjì bá dúró nínú ọkọ̀ ojú omi kan, tí ìgbì ń gbé wọn sókè tí ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, iye tí ọ̀kan fi ga ju èkejì lọ kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà ń wo ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì: ohun tí ó bá gbé àwọn méjèèjì pọ̀, a fi í sílẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan ni a sọ di ńlá. Ọmọ tí èyí bá yé ni yóò mọ̀, nígbà tí ìlà inú ìwé bá ń gbọ̀n rìrì, pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́: ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kan ni ó ti gbẹ.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni kàn mú tọ́nàfísì kí ó tú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń lu ọkàn tí ó ń gbọ̀n padà sípò ní kapásítọ̀ kan nínú, tí ń pa iná mọ́ bí ìkòkò ti ń pa omi mọ́. Bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ lè pa ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Èyí gan-an ni ó fi yẹ kí ẹ̀kọ́ ti ọwọ́ olùkọ́ wá, kì í ṣe ti ọwọ́ àṣìṣe.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó kan àwọ̀ ara wa. Ẹ̀yin gbogbo mọ ẹ̀rọ tíńtín tí a fi ń há ọmọ ìka, tí í sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó. Takuo Aoyagi, ará Japan, ni ó gbé ọgbọ́n rẹ̀ jáde ní 1974. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó ń rán gba inú ẹran ìka, ọ̀kan pupa, èkejì tí ojú kò lè rí, ó sì ń wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbé mì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ iye ọ́síjìn fúnra rẹ̀. Lára ènìyàn tí ara wọn le ni a ti kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2020, àwọn dókítà ní Michigan gbé ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ yìí wí pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ti 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún kò tó 88 rárá. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 ni. Ní oṣù kìíní 2025 ni àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà tó gbé àbá ìlànà tuntun jáde pé kí a dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lára ènìyàn púpọ̀ sí i, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Ta ni yóò bá wa béèrè, kí a tó ra ẹ̀rọ, pé lára àwọn wo ni a ti dá òṣùwọ̀n rẹ̀? Ẹni tí kò mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń di iná, àti bí iná ti ń di iye, kò ní mọ̀ pé ìbéèrè náà wà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ ńlá kan: tábìlì, mítà, irin tí a fi ń yọ́ òjé, àpótí rẹsítọ̀ àti tiransísítọ̀, àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí ó ti kú, kí àwọn ọmọ máa fi kọ́ iṣẹ́. A fẹ́ kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan lọ bi àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ mélòó ni ó dúró láìṣiṣẹ́, kí ni ó ṣe é, kí wọn sì kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ó ku ọ̀ràn èdè. Kò sí ìdí tí a kò fi lè kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan wọ̀nyí fún ọmọ wa ní Yorùbá, kí ó tó lọ bá wọn pàdé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Àwa lo "ìdènà" lókè yìí fún ohun tí ń dín ìṣàn iná kù. Olùkọ́ kan tí ó bá wa ka ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ "ìtakò" jù ú lọ, nítorí pé ohun tí a dènà, ó wí pé, kì í kọjá mọ́, ṣùgbọ́n iná ń kọjá. Ó dà bí ẹni pé òun ni ó jàre. Kí àwọn tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí kọ̀wé sí wa nípa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, a ó sì tẹ̀ wọ́n jáde.