Nígbà Tí Gbogbo Àdúgbò Ń Dúró De Aláwàdà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ètò àwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, tí ó ń kó tàgbà-tèwe jọ sí ojú kan láyé ọjọ́un.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ náà nílé kò pọ̀. Ilé ẹnìkan ni gbogbo àdúgbò ń wọ́ lọ. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwòrán onílà lásán ni yóò wà níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọmọdé yóò ti jókòó tì í bí ẹni pé eré ni. Nígbà tí olùkéde bá yọjú, tí ó ń ka ètò alẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni tí ń ka oúnjẹ àsè. Ọmọ tí kò lè há ìsọdipúpọ̀ sórí a máa ka ètò odidi ọ̀sẹ̀ kan láìṣìṣe.

Òbí pẹ̀lú mọ bí a ti í lo ìkéde náà: “Ẹni tí kò bá fọ abọ́ kò ní í wo Baba Sálà!” Gbólóhùn yìí ṣe ohun tí pàṣán kò lè ṣe. Aládùúgbò tí kì í kí onílé láàárọ̀ a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lálẹ́. Àwọn tí ó pẹ́ dé a dúró lójú fèrèsé. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn wọn, tí wọn kò rí nǹkan kan, a rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn ti iwájú ń rẹ́rìn-ín. Bí iná bá lọ lójijì, onílé ni gbogbo wọn ń wò bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Àjùmọ̀wò yìí ní èso. Eré Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1968, ó sì parí ní ọdún 1988. Amebo ni orúkọ olófòófó inú rẹ̀. Títí di òní, àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà ń pe olófòófó ní amebo. Lẹ́yìn tí a dá NTA sílẹ̀ ní ọdún 1977, ẹni tí kò dé ilẹ̀ Igbo rí wá mọ Zebrudaya bí ẹni mọ ará ilé.

Kì í ṣe pé eré àtijọ́ dára ju ti òde òní lọ. Eré kún inú fóònù, kò sì sí ẹni tí ń dúró de olùkéde mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ń dá rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀, bí baba bá bèèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, a ní, “Kò sí o, Bàbá.” Láyé ọjọ́un, bí aláwàdà bá pa òwe, ọmọ a bèèrè ìtumọ̀, àgbà a sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan kì í dá àlọ́ pa, kí ó tún dá gbè é.

Nítorí náà, ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àjùmọ̀wò, kí ọmọ tó kéré jù jẹ́ olùkéde. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá sì fọ abọ́, kó má wò ó.